Ẹni ọdún 41, kílò 104, mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ taekwondo ní Kàbà: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Télọ̀_Kàbà

Òkun o gbogbo ilé. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín níbí àmọ́ èyí ni ìgbà àkọ́kọ́ tí èmi fúnra mi máa kọ nǹkan. Télọ̀ ni mí ní Kàbà, ọmọ mẹ́ta ni mo bí. Lóṣù tó kọjá wọ́n wọ̀n mí ní ọsibítù, kílò 104, ẹ̀jẹ̀ ríru mi 146 lórí 92. Nọ́ọ̀sì ní kí n dín oúnjẹ kù, kí n máa ṣeré ìdárayá, kí n padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Ẹ ẹ̀ rí i pé iṣẹ́ àjókòó ni iṣẹ́ mi, láti àárọ̀ títí di aago mẹ́jọ alẹ́ ìdí mi ò kúrò lórí àga, tí mo bá wá délé, iyán ni. Bí wọ́n ṣe tọ́ mi dàgbà nìyẹn, alẹ́ tí ò bá sí iyán níbẹ̀ ńṣe ló dà bíi pé èèyàn ò jẹun.

Lọ́dún tó kọjá mo lọ lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ́dọ̀ àbúrò mi, mo wá lọ forúkọ sílẹ̀ ní jíìmù kan níbẹ̀. Ọkùnrin tó ń darí wa sọ lójú gbogbo èèyàn pé kí n má gun ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń sáré yẹn kí n má lọ bà á jẹ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo gbé báàgì mi, mo lọ sílé, mi ò padà síbẹ̀ mọ́. Láti ọjọ́ yẹn tí mo bá ń kọjá níbi tí èèyàn pọ̀ sí, ìborùn ni mo máa ń fi bo ikùn mi, bí oòrùn tilẹ̀ ń ran.

Ọmọ mi àbíkẹ́yìn, ọmọ ọdún 12, ń kọ́ taekwondo, ìjà àwọn ará Kòríà tí wọ́n fi ń ṣeré ìdárayá, ní pápá ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan nítòsí wa, ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Ọjọ́bọ̀ àti àárọ̀ Sátidé. Abẹ́ igi máńgòrò ni mo máa ń jókòó sí dè é. Lọ́sẹ̀ tó kọjá kóòṣì wọn wá bá mi ó ní màámi, ẹ̀yin náà ẹ bọ́ bàtà kẹ́ ẹ wá. Mo fi ẹ̀rín bò ó mọ́lẹ̀, àmọ́ mi ò rí oorun sùn lálẹ́ ọjọ́ náà. Mo fẹ́ lọ. Ẹ̀rù ló ń bà mí. Ṣé ẹni tó tóbi tó báyìí lè ṣe é? Ṣé orúnkún mi ò ní yẹ̀? Ẹni tó bá ti ṣe é rí kó jọ̀ọ́ dá mi lóhùn.

ỌmọYàgbà

Ẹ lọ, mà. Ẹ má rò ó jù.

BẹlíìtìDúdú_Ìjùmú

Òkun màámi. Ó lé lọ́dún 15 tí mo ti wà lẹ́nu ẹ̀, karate ni mo fi bẹ̀rẹ̀ kí n tó bọ́ sí taekwondo, ẹ jẹ́ n sọ ohun tójú yín máa rí fún yín kẹ́ ẹ má bàa fòyà tẹ́ ẹ bá débẹ̀. Ẹ̀yìn pátápátá lẹ máa dúró sí lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Kì í ṣe torí pé ẹ tóbi o, bẹ́líìtì la fi ń tò, a kì í fi ọjọ́ orí tò. Funfun ló kẹ́yìn, yẹ́lò wà níwájú ẹ̀, lẹ́yìn náà ewéko, búlúù, pupa, kó tó wá kan dúdú. Tí ọmọ yín bá ti ní yẹ́lò, iwájú yín ló máa wà. Ó máa kọ́kọ́ rí bákan lára yín. Àmọ́ níbẹ̀ kò sẹ́ni tó máa pè yín ní ìyá lágbájá tàbí kó bi yín pé aṣọ òun ti jáde àbí kò tíì jáde, ẹ kàn jẹ́ ẹni tó wá kọ́ṣẹ́. Àwọn àgbàlagbà tó ti gba ọwọ́ mi kọjá, ibi tí ọ̀pọ̀ wọn ti kọ́kọ́ simi nìyẹn.

Ẹ máa rìn kánmọ́kánmọ́, ẹ máa na ara, lẹ́yìn náà ẹ máa dúró bí ẹni tó gun ẹṣin, ẹsẹ̀ méjèèjì yà, orúnkún tẹ̀, ẹ̀yìn gún régé, ẹ ó wá máa ju ẹ̀ṣẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan: hana, dul, set, net. Bí àwọn ará Kòríà ṣe ń ka ení èjì nìyẹn. Ìdúró yẹn nìkan, láàárín ìṣẹ́jú kan itan yín á ti máa gbọ̀n. Ibi tí agbára yín bá mọ ni kẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ, ẹ má bá ọmọdé du ìyẹn. Kíìkì náà, ẹ má gbé e kọjá ìgbànú ní oṣù méjì àkọ́kọ́. Ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ gbé ẹsẹ̀ dé orí lọ́jọ́ kìíní kò mọṣẹ́, ẹ sá fún un.

Tẹ́ ẹ bá máa gbàgbé gbogbo èyí tí mo kọ, ẹ má gbàgbé èyí: kíìkì tó máa ń yí wá láti ẹ̀gbẹ́ yẹn, tẹ́ ẹ bá ń ta á, ẹsẹ̀ tẹ́ ẹ fi dúró nílẹ̀ gbọ́dọ̀ bá ara yí, títí gìgísẹ̀ ẹ̀ á fi kọjú síbi tẹ́ ẹ̀ ń ta á sí. Tí ìbàdí bá yí tí ẹsẹ̀ ò yí, orúnkún tó wà láàárín ló máa jẹ gbogbo ìyà yẹn.

BabaÌbejì_Ìsánlú

Ẹ gbọ́ tẹni tó kọ̀wé sókè yìí dáadáa. Èmi ni mo fojú ara mi rí i. Karate ni mo ń ṣe nígbà yẹn nígbà tí mo wà nílé ìwé gíga, orí kọnkéré la ti ń ṣe é, mo tún wọ bàtà tó máa ń di ilẹ̀ mú, mo yí ìbàdí kí n fi ta àpò, bàtà ò jẹ́ kẹ́sẹ̀ yí, mo kàn gbọ́ pá nínú orúnkún òsì. Oṣù márùn-ún ni mo fi tiro. Títí dòní tí òjò bá ṣú, orúnkún yẹn ló máa ń kọ́kọ́ sọ fún mi.

Nítorí náà mà, ẹ kọ́kọ́ lọ wo ilẹ̀ tí wọ́n ti ń ṣe é. Koríko dáa ju kọnkéré lọ, àmọ́ àárọ̀ Sátidé lásìkò òjò ìrì máa wà lórí ẹ̀, á máa yọ̀. Kẹ́ ẹ tún bá wọn ṣa òkúta àti àfọ́kù ìgò kúrò, tórí ẹsẹ̀ lásán ni. Tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ fo okùn, ẹ sọ pé rárá fún ìgbà díẹ̀ ná, kílò 104 tó ń fò sókè tó ń balẹ̀, ọrùn ẹsẹ̀ ló ń gbà á. Rírìn kíákíá ni kẹ́ ẹ fi rọ́pò ẹ̀.

Ìránṣẹ́_Olúwa

Òkun o. Mi ò fẹ́ da omi tútù sí yín lọ́kàn, àmọ́ mo gbọ́ pé wọ́n máa ń tẹrí ba fún àwòrán níbẹ̀ tí wọ́n tún máa ń dijú. Ṣé kò ní í lòdì sí ìgbàgbọ́ wa?

BẹlíìtìDúdú_Ìjùmú

Ẹ ṣé tẹ́ ẹ béèrè, tórí àwọn òbí ọmọ tó pọ̀ ló ń rò ó tí wọn ò sọ. Ìkíni ni títẹrí ba yẹn. Bí ọmọ Òkun ṣe ń kúnlẹ̀ kí àgbà tí kì í ṣe pé ó ń bọ ọ́, bẹ́ẹ̀ ni Kòríà àti Japan náà ń tẹrí ba. A tẹrí ba fún kóòṣì, a tẹrí ba fún ẹni tá a fẹ́ bá ta kíìkì kó lè mọ̀ pé a ò bínú sí i. Ibòmíì máa ń gbé àwòrán ẹni tó dá ẹgbẹ́ wọn sílẹ̀ kọ́ sára ògiri, tí ìyẹn bá ń yọ yín lẹ́nu ẹ bá kóòṣì sọ ọ́. Lọ́dọ̀ tèmi, àdúrà la fi ń bẹ̀rẹ̀, àdúrà la sì fi ń parí.

NọọsìAláàánú

Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mò ń ṣe, ẹ jẹ́ n dá sí ti ẹ̀jẹ̀ ríru. Àǹtí, 140 lórí 90 la fi ń pààlà, nítorí náà tiyín ti kọjá ààlà díẹ̀, àmọ́ a kì í fi ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo dájọ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wọ̀n ọ́n lọ́jọ́ méjì mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kẹ́ ẹ wá sọ fún dọ́kítà pé ẹ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ nǹkan báyìí kó tó di pé ẹ bọ́ bàtà. Tí wọ́n bá fún yín lóògùn, ẹ lò ó. Ẹ má sọ pé eré ìdárayá ti dípò ẹ̀. Tí àyà bá ń fún yín mọ́ra níbẹ̀, tí òòyì ń kọ́ yín, tàbí tẹ́ ẹ jókòó tí èémí ò sì padà sípò, kíláàsì ti parí lọ́jọ́ yẹn nìyẹn.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ jù ni ọ̀rọ̀ èémí. Ẹni tí kò mọ́ lára tó bá ń ju ẹ̀ṣẹ́, ńṣe ló máa ń sé èémí mọ́nú, ìyẹn sì máa ń ti ẹ̀jẹ̀ ríru sókè lójijì. Ariwo tẹ́ ẹ̀ ń gbọ́ tí wọ́n ń pa yẹn, tí àwọn ará Kòríà ń pè ní kihap, wọn ò ṣe é lásán. Ẹni tó bá pariwo ti mí síta nìyẹn, kò lè sé e mọ́. Torí náà ẹ bá wọn pa á, ẹ má tijú.

Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà máa ṣeré ìdárayá tí kò le jù fún ìṣẹ́jú 150 ó kéré tán láàárín ọ̀sẹ̀, tàbí ìṣẹ́jú 75 tó bá jẹ́ èyí tó le. Wákàtí kan lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ti kọjá ìyẹn. Àmọ́ o, eré ìdárayá nìkan kọ́ ló ń gbé kílò lọ. Kílò ọ̀rá kan tó nǹkan bíi kálórì 7,700, kò sí bí wákàtí kan nínú pápá ṣe máa jó ìyẹn tán, pàápàá tó bá jẹ́ pé bẹ́ ẹ bá ṣe ń jáde lẹ ra mínírà àti bọ́ǹsì. Ìgò mínírà kan ṣoṣo, ṣúgà inú ẹ̀ lè tó ṣíbí kékeré mẹ́wàá. Omi ni kẹ́ ẹ gbé dání.

Mi ò ní sọ pé kẹ́ ẹ fi iyán sílẹ̀, èmi náà ọmọ Òkun ni mí, irọ́ ni yóò sì jẹ́. Ẹ gbé e sí ọ̀sán. Kẹ́ ẹ sọ ọ́ di ìdajì èyí tẹ́ ẹ̀ ń jẹ, kí ẹ̀fọ́ àti ẹja gba àyè tó kù nínú àwo. Tó bá dalẹ́, ẹ̀wà tàbí mọ́ínmọ́ín, kó sì tó aago méje. Ọ̀rọ̀ pé ẹ máa ń jẹ iyán lẹ́yìn aago mẹ́jọ alẹ́ yẹn ló kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù nínú ohun tẹ́ ẹ kọ.

Ẹ má gun òṣùwọ̀n lójoojúmọ́ o, omi ara nìkan lè mú kí ó gòkè tàbí kó sọ̀ kalẹ̀ ní kílò kan tàbí méjì. Télọ̀ lẹ jẹ́, ẹ ní téèpù lọ́wọ́. Ẹ wọn ìbàdí yín ní déédéé ìdodo lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Fún obìnrin, tó bá ti kọjá sẹ̀ntímítà 88, ìyẹn nǹkan bí íǹṣì 35, ewu àìsàn ọkàn àti ìtọ̀ ṣúgà ń pọ̀ sí i.

Télọ̀_Kàbà

Ẹ ṣé gan-an ni. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọn ọ́n tán: íǹṣì 45. Ojoojúmọ́ ni mò ń wọn ìbàdí àwọn ẹlòmíì, mi ò wọn tèmi rí láti ìgbà tí mo ti bí àbíkẹ́yìn.

Dúpẹ́_Mọ̀pà

Ẹ má bínú pé mò ń pẹ́ dé. Tíṣà ni mí, mo fẹ́ sọ ti ojú títì. Jigoro Kano tó dá júdò sílẹ̀ ní Japan lọ́dún 1882, tíṣà bíi tèmi ni. Ó kéré lára, kò lágbára, àwọn ọmọ ilé ìwé ẹ̀ sì máa ń jẹ ẹ́ níyà, ìdí tó fi lọ kọ́ ìjà nìyẹn. Israel Adesanya tiwa yìí náà, Èkó ni wọ́n bí i sí, nígbà tí wọ́n kó lọ sí New Zealand wọ́n fojú ẹ̀ rí màbo nílé ìwé níbẹ̀, kó tó wá di ẹni tó gba bẹ́líìtì aṣíwájú nínú ìdíje ìjà UFC lọ́dún 2019. Àwọn tí wọ́n ti fi ṣe yẹ̀yẹ́ rí ni wọ́n pọ̀ jù nínú eré yìí, mà. Tẹ́ ẹ bá débẹ̀, ẹ bi àwọn àgbà inú wọn, ẹ ó rí i.

Ohun tí mo rí lára ọmọ kan ní kíláàsì mi ló jẹ́ kí n gbà á gbọ́. Ọmọbìnrin, ó sanra, tí mo bá bi í ní ìbéèrè ilẹ̀ ló máa wò, ohùn ẹ̀ ò lè dé orí àga kejì. Ó bẹ̀rẹ̀ karate nígbà ìsinmi. Nígbà tó padà wá, kò tíì fọn rárá, yúnífọ́ọ̀mù kan náà ṣì ni, àmọ́ nígbà tí mo pe orúkọ ẹ̀, ó gbórí sókè ó ní "Mo wà ńbí mà," gbogbo kíláàsì gbọ́ ọ. Ara ò tíì yí padà, ojú ti yí padà. Nítorí náà ẹ má dúró dìgbà tẹ́ ẹ bá fọn kẹ́ ẹ tó ka ara yín sí ẹni tó ń ṣe dáadáa.

ỌmọYàgbà

Ṣé ó lè gba èèyàn lọ́wọ́ àwọn ajínigbé? Pẹ̀lú bí ojú ọ̀nà wa ṣe dà yìí.

BẹlíìtìDúdú_Ìjùmú

Mi ò ní tan yín. Kíìkì ò dá ìbọn dúró. Ohun tí mo ń kọ́ àwọn ọmọ mi ni pé kí wọ́n tètè rí ewu, kí wọ́n pariwo, kí wọ́n sá. Tí ẹnì kan bá di ọwọ́ yín mú lọ́jà, a ní bá a ṣe ń já a gbà. Tẹni tó ní ìbọn, ẹ jẹ́ ká gbàdúrà fún ilẹ̀ wa, ká má ṣe rìn lálẹ́.

BabaÌbejì_Ìsánlú

Àwọn baba wa náà ní gídígbo tiwọn. Bàbá mi máa ń sọ fún wa pé tẹ́nì kan bá gbé ẹ ṣubú lórí iyanrìn tó o bá dìde tó o gbọn aṣọ ẹ, kò sóhun tí ẹnu èèyàn lè sọ tó máa tún dùn ẹ́ mọ́.

Télọ̀_Kàbà

Mo ti lọ lẹ́ẹ̀mẹrin báyìí, ẹ jẹ́ n sọ bó ṣe rí. Dọ́kítà fún mi lóògùn ó sì ní kí n lọ, kí n rọra ṣe é. Ọjọ́ àkọ́kọ́ ìró àti bùbá ni mo wọ̀ lọ, kóòṣì ní kí n lọ wọ ṣòkòtò. Kò rẹ́rìn-ín, bó ṣe máa sọ fún ẹnikẹ́ni náà ló ṣe sọ ọ́. Ìdúró ẹlẹ́ṣin yẹn, ìṣẹ́jú àáyá ogún ni mo lè ṣe. Lọ́jọ́ kejì mi ò lè sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀bù, ẹ̀yìn ni mo fi sọ̀.

Ohun tó le jù fún mi ni ariwo yẹn. Mi ò lè pa á. Kóòṣì á ní kihap, àwọn ọmọ á fi gbogbo inú pariwo, èmi á kàn yanu, nǹkan ò ní jáde. Lọ́jọ́ kẹta ó mú mi sí ẹ̀gbẹ́, ó ní màámi, tí ọmọ yín bá fẹ́ bọ́ sí títì tí ọkọ̀ ń bọ̀, kí lẹ máa ṣe? Mo ní màá pè é. Ó ní ẹ pè é. Mo pè é. Ọmọ mi bojú wẹ̀yìn láti ìparí pápá, ó rò pé nǹkan ti ṣe mí. Ó ní ohùn yẹn gan-an, kẹ́ ẹ fi ju ẹ̀ṣẹ́. Mo jù ú. Mi ò mọ bí mo ṣe máa ṣàlàyé ẹ̀ fún yín, ó dà bíi pé nǹkan kan tó há mi lọ́rùn láti ọjọ́ jíìmù yẹn já.

Aṣọ ò sí tó gbà mí, èyí tí kóòṣì ní ò kọjá tàwọn ọmọdé, mo wá rán tèmi. Aṣọ funfun bíi ti yúnífọ́ọ̀mù, kọ́tìnnì kó lè máa fa òógùn, mo gé e kó fẹ̀ lábẹ́ apá, mo sì fi ègé aṣọ onígun mẹ́rin sí ibi tí ẹsẹ̀ ṣòkòtò méjèèjì ti pàdé kó má bàa ya tí mo bá gbẹ́sẹ̀. Bẹ́líìtì ni mo rà, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ń yí i mọ́ ìbàdí. Ó ṣẹ́kù díẹ̀ kó má tó mi so, etí ẹ̀ méjèèjì ò ju ìka ọwọ́ lọ.

NọọsìAláàánú

Mo ka ti ariwo yẹn fún àwọn tá a jọ wà níbi iṣẹ́. Ẹ kú iṣẹ́, àǹtí mi. Omi o, ẹ má gbàgbé omi.

Ìránṣẹ́_Olúwa

Mo ti fi àwọn ọmọ mi méjèèjì sí i. Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ kóòṣì.

Télọ̀_Kàbà

Òkun o. Oṣù mẹ́ta pé lọ́sẹ̀ tó kọjá. Àárín oṣù kejì, òṣùwọ̀n dúró sójú kan fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko, ó dùn mí, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fi í sílẹ̀, Sátidé kan tiẹ̀ wà tí mi ò lọ. Ọmọ mi ló wá dúró sí ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú bẹ́líìtì mi lọ́wọ́, kò sọ nǹkan kan. Mo dìde. Iyán ọ̀sán ni mò ń jẹ báyìí, mi ò tíì lè dín in dé ìdajì bí nọ́ọ̀sì ṣe sọ, àmọ́ mi ò fọwọ́ kàn án lálẹ́ mọ́ àfi ìgbà kan tá a ṣe ìkómọ.

Wọ́n wọ̀n mí ní ọsibítù: kílò 97. Ẹ̀jẹ̀ ríru 132 lórí 84, wọ́n ní kí n má tíì dáwọ́ oògùn dúró. Íǹṣì 41 ni ìbàdí mi. Mo mọ̀ pé ó ṣì jìn sí 35. Àmọ́ bẹ́líìtì tí etí ẹ̀ ò ju ìka ọwọ́ lọ yẹn, tí mo bá so ó báyìí ó ń fì síwájú itan mi, mo fi téèpù wọn ọ́n, etí kọ̀ọ̀kan ti gùn sí i ní íǹṣì mẹ́rin. Ìborùn náà, inú dúrọ́ọ̀ ṣọ́ọ̀bù ló wà, mi ò rántí ọjọ́ tí mo gbé e kẹ́yìn.

Ọjọ́bọ̀ yìí ni ìdánwò yẹ́lò mi, aago mẹ́rin ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́. Àwọn ìyá méjì tá a jọ máa ń jókòó lábẹ́ igi máńgòrò yẹn náà ti ní àwọn máa bẹ̀rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Mo ti wọn ara wọn, aṣọ wọn wà lórí máṣíìnì mi báyìí, ẹ jẹ́ n lọ parí ẹ̀ kí iná tó lọ.